Ìgbà Mẹ́rin Tí Mo Kó Ẹrù Orin

Láti ọdún 2013 ni mo ti ń gbé orin àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà mẹ́rin ni mo sì ti kó gbogbo fáìlì mi kúrò níbi kan lọ síbòmíràn. Ẹni tó bá ti kó ilé rí mọ̀ pé ẹrù tó wúwo kọ́ ló ń dunni, ohun tó bọ́ sọ nù lójú ọ̀nà ni. Mò ń kọ èyí nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí báyìí ní Ọ̀yọ́, ní Ìsẹ́yìn àti ní Ṣakí, tí gbogbo orin àdúgbò wọn wà nínú àkáǹtì ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Under-G ni mò ń gbé, èmi àti ẹnì kejì mi nínú yàrá kan. Àwọn olórin tí mo mọ̀ kì í ṣe àwọn tí rédíò ń gbé sáfẹ́fẹ́. Ọmọ yunifásítì tó ń ṣe ráàpù wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wéré tó ń jí aráàlú sí sààrì nínú oṣù Ààwẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń sun ìjálá náà wà, tí wọ́n ní ìlú Ògúndáre Fọ́yánmu làwọn ti wá, ohùn náà ò gbọdọ̀ kú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Wọ́n á gbé orin wá nínú fíláàṣì, mo á gbé e sókè, mo á fún wọn ní líǹkì, àwọn náà á máa pín in lórí 2go, lórí BBM àti lórí Facebook.

Bùlọ́ọ̀gì ọ̀fẹ́ tí mò ń lò nígbà náà kì í gba orin sínú, ọ̀rọ̀ àti àwòrán nìkan ló ń gbà. Orin fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba fáìlì pamọ́ fúnni, kí líǹkì wá so méjèèjì pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbà á, èmi ò sì béèrè lọ́jọ́ kan rí pé kí ni wọ́n fi ń san owó iná wọn.

Ìpolówó ni. Olórí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan ló là mí lójú. Àwo orin Kérésìmesì wọn ni mo gbé sókè ní Oṣù Kejìlá 2014, ó sì ti fi líǹkì ránṣẹ́ sí gbogbo ìyá ìjọ. Lọ́jọ́ kejì ó pè mí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. “Ọmọ mi, kí lo fún mi yìí? Orin ìyìn ni mo ní kí wọ́n tẹ̀, obìnrin oníhòòhò ló jáde.” Mo sáré ṣí ojú ewé náà lórí fóònù ẹlòmíràn, nítorí kọ̀ǹpútà tèmi ní ohun tó ń dí ìpolówó, n kò rí ohun tí àwọn èèyàn ń rí. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn ní àwọn ni dáńlóòdù. Ọ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́, òun ló sì kéré jù. Èyí tó tóbi tó ń tàn yanran ń kó nǹkan mìíràn wọnú fóònù ẹni. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá nílé wọn, mo sì kó orin 61 tí mo ní nígbà náà kúrò níbẹ̀ láàárín òru méjì, pẹ̀lú dátà òru tó ń bẹ̀rẹ̀ lágogo méjìlá. Láti ọjọ́ náà, fóònù olówó pọ́ọ́kú ni mo máa ń fi yẹ ibi tí mo bá fẹ́ gbé orin sí wò, láìdí ìpolówó kankan, bí ìyá ìjọ ṣe máa rí i gan-an.

Ibi kejì mọ́ tónítóní. Kò sí ìpolówó burúkú, fáìlì ń yára wọlé, mo sì sinmi. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo lò níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti jìyà jù.

Òfin kan wà nínú ìwé àdéhùn wọn tí n kò kà: fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ̀ fún 60 ọjọ́, wọ́n á pa á rẹ́. Òfin wọn kò burú, àyè ń tán, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú orin tí mò ń kó jọ. Orin wéré máa ń sùn fún oṣù mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó ń wá a, àfi tí oṣù Ààwẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Orin Kérésìmesì ń sùn láti Oṣù Kìíní títí di Oṣù Kọkànlá. Ìjálá tí wọ́n sun níbi ọdún Ògún, ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa béèrè rẹ̀. Orin ráàpù àwọn ọmọ yunifásítì, tí èèyàn ń tẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí èyí tó sọ nù nínú wọn. Àwọn orin tó jẹ́ tiwa gan-an, tí kò sí níbòmíràn láyé, ni òfin ọgọ́ta ọjọ́ ń kó lọ ní ẹyọ ẹyọ, tí n kò sì mọ̀.

Ọdún 2017 ni Màmá wá bá mi. Èlùbọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Wàzó. Ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlélógún, ni aṣáájú ẹgbẹ́ wéré kan ládùúgbò wọn, ó sì ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tó ṣáájú. Fóònù tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti ra mẹ́mórì káàdì tuntun, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní, “Wọ́n ní ọwọ́ rẹ ni ohùn ọmọ mi wà.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, ó wà lọ́wọ́ mi.” Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó tẹ líǹkì. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé fáìlì náà kò sí mọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo wọ inú àkáǹtì mi, mo wá a níbẹ̀, mo wá a lórí kọ̀ǹpútà mi, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé èmi fúnra mi ni mo pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kí àyè lè wà, nítorí ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Màmá ò bá mi jà. Wọ́n kàn ń wo ojú mi, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ọ̀rá mẹ́mórì yẹn. Wọ́n ní, “Ṣé kí n padà wá lọ́la ni?”

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣí orin kọ̀ọ̀kan wò. Nínú orin 290, 83 ti lọ.

Ibi tí mo ti rí orin náà ni Takie, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àgbélétábìlì, tí wọ́n ń kó orin sí mẹ́mórì fún awakọ̀ àti ọlọ́kadà. Ọ̀dọ̀ ẹni kẹrin ló wà. Ó ní fódà kan tó kọ WERE OGBO sí, ọgọ́rùn-ún orin ó lé ló wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ èyí tó dáńlóòdù lọ́dọ̀ mi. “Ẹ̀gbọ́n, orin yín ló ń tà jù lóṣù Ààwẹ̀,” ló wí. Nínú 83 tó sọ nù, 47 ni mo rí kó padà lọ́wọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo sanwó fún wọn bí ẹni tó ń ra orin ẹlòmíràn, wọn kò sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pe àwọn ọmọ wọ̀nyí ní olè orin. Mo mọ ohun tí òfin sọ, mo sì mọ̀ pé olórin kì í rí nǹkan kan nínú owó tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n n kò lè pè wọ́n ní olè mọ́. Kọ̀ǹpútà wọn ló ṣẹ́ ku nígbà tí tèmi àti ti àwọn aláwọ̀ funfun ti pa orin náà rẹ́.

Mo ti lè rí i bọ̀ ká ní mo fetí sílẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 2012, ìjọba Amẹ́ríkà ti Megaupload, ọ̀kan lára àwọn tó ń gba fáìlì pamọ́ fúnni, pa lọ́jọ́ kan, àtẹni tó jí fíìmù síbẹ̀ àtẹni tó kó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo wọn ló bá a lọ. RapidShare ti Síwítsálańdì, tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí nígbà kan, kógbá wọlé ní ìparí Oṣù Kẹta 2015. Lẹ́yìn tèmi náà, ní 2019, MySpace kéde pé nígbà táwọn ń kó ẹrù láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, orin tí àwọn èèyàn gbé síbẹ̀ láti 2003 sí 2015 ti sọ nù. Ilé iṣẹ́ ńlá ni! Ní 2023, Zippyshare tó ti wà láti 2006 pa ilẹ̀kùn dé, wọ́n ní ìpolówó kò mówó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ nítorí àwọn èèyàn ń dí i, owó iná sì ti gbówó lórí. Kò sí èyí tó jẹ́ àjálù òjijì nínú wọn fún ẹni tó bá mọ ohun tí ibi ọ̀fẹ́ fi ń jẹun.

Mo kó gbogbo nǹkan lọ sí ibi kẹta lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo ti ra hard disk kan. Ojúlówó orin ni mo ń gbà báyìí, WAV tí sítúdíò kọ́kọ́ gbé jáde, kì í ṣe MP3 tí wọ́n ti fún pọ̀ nìkan. WAV ń jẹ bíi 10 MB ní ìṣẹ́jú kan, MP3 tó jẹ́ 128 kbps ń jẹ bíi 1 MB. Ìyàtọ̀ yẹn ló fà á tí a fi ń sọ ojúlówó nù: ó wúwo, dátà wọ́n, fóònù sì kún. Ṣùgbọ́n èèyàn lè rí MP3 yọ nínú WAV nígbàkigbà. MP3 kì í padà di ojúlówó WAV, ohun tó ti yọ dànù ti lọ nìyẹn.

Wàhálà ibi kẹta kò ṣẹlẹ̀ lórí fáìlì rárá. Ọmọkùnrin kan fún mi ní orin tí ìlù abẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, ẹni tó ni ín fẹjọ́ sùn, wọ́n sì ti gbogbo àkáǹtì mi pa nítorí orin kan ṣoṣo yẹn, pẹ̀lú 411 yòókù. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹjọ́ sùn jàre. Gbogbo orin wà lọ́wọ́ mi, n kò sọ ẹyọ kan nù. Ohun tó sọ nù ni àdírẹ́sì. Líǹkì tí mo ti fún àwọn èèyàn fún ọdún mélòó kan, tó wà nínú WhatsApp ẹbí, nínú àtẹ̀jíṣẹ́, lórí ìwé pẹlẹbẹ tí ìjọ tẹ̀, gbogbo rẹ̀ kú lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe àtúnṣe sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kò sì sí bí mo ṣe lè ṣe àtúnṣe sí èyí tó wà lórí fóònù oníkálukú.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Má ṣe fún aráyé ní àdírẹ́sì ibi tí fáìlì ń gbé. Àdírẹ́sì tìrẹ ni kí o fún wọn. Mo ra orúkọ kan tó parí sí .com.ng, orúkọ èmi gangan ni mo fi ra á, kì í ṣe orúkọ ọ̀rẹ́ tó bá mi ṣe é, mo sì fún orin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí ẹnì kan bá tẹ orúkọ mi àti nọ́ńbà 214, ojúlé mi ni yóò kọ́kọ́ dé, ojúlé mi ni yóò sì darí rẹ̀ sí ibi tí orin 214 wà lónìí. Tí mo bá kó orin náà lọ síbòmíràn, ìlà kan ni mo máa yí padà nínú ìwé atọ́ka mi. Ẹni tó ní líǹkì náà lọ́wọ́ kò ní mọ̀ pé mo kó rárá. Mo sì ń gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ olórin kọ̀ọ̀kan báyìí, ohùn WhatsApp tó fi máa sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ orin, ẹni tó lu ìlù, àti pé òun gbà. Mo ń tọ́jú ohùn yẹn pẹ̀lú orin náà nínú fódà kan.

Ibi kẹta sí ìkẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó. Dọ́là márùn-ún lóṣù. Kò dà bíi pé ó pọ̀, àfi nígbà tí àwọn báńkì dín iye tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù ní 2022, tí ọ̀pọ̀ wọn sì wá dá a dúró pátápátá. Mo ń wá ẹni tó máa bá mi san. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là tó jẹ́ bíi 460 náírà kọjá 700, ó sì ti kọjá 1,500 ní Oṣù Kejì 2024. Owó tí mo ń san ní 2,300 náírà di 7,500, orin kò sì pọ̀ sí i. Mo kó lẹ́ẹ̀kẹrin.

Orin ti di 640 nígbà náà. MP3 nìkan tó bíi 6.4 GB. Bí mo bá gba ọ̀dọ̀ ara mi kó o, mo máa dáńlóòdù 6.4, mo tún máa gbé 6.4 sókè, dátà 13 GB nìyẹn, tí iná ò bá lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì já. Mo háyà kọ̀ǹpútà kan ní Jámánì fún ọjọ́ kan, owó rẹ̀ kò tó dọ́là kan, mo sì lo irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ rclone láti ibẹ̀. Láàárín wákàtí kan, ó ti kó gbogbo rẹ̀ tán, dátà tèmi kò sì ju èyí tí mo fi ń pàṣẹ fún un lọ. Ohun tó dára jù lára irinṣẹ́ yìí ni pé ó lè fi ibi méjèèjì wé ara wọn lẹ́yìn tó bá kó tán, kó sì sọ èyí tí kò bára mu. Ẹ má fojú fo ìyẹn. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kó ẹrù lẹ́ẹ̀kẹta, orin 23 ló já láàárín tí n kò mọ̀, orúkọ fáìlì pé, orin inú rẹ̀ ló gé sí ìdajì. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ló sọ fún mi.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ tó kan àwa tó ń kọ Yorùbá. Nínú gbogbo fáìlì tó wà, 38 ni rclone ní kò bára mu, bẹ́ẹ̀ mo rí wọn pẹ̀lú ojú mi níhà méjèèjì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Àmì ohùn ni. Lẹ́tà bíi ọ́, tó ní àmì lórí àti ní ìsàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣe ni wọ́n ń to àmì mọ́ lẹ́tà. Ẹ̀rọ kan lè tò ó báyìí, òmíràn lè tò ó ní ọ̀nà mìíràn, ojú èèyàn á rí ọ̀rọ̀ kan náà, kọ̀ǹpútà á rí méjì. Láti ìgbà náà, orúkọ fáìlì mi kò ní àmì mọ́: nọ́ńbà àti lẹ́tà lásán, 0214-were.mp3. Orúkọ orin, orúkọ olórin àti oríkì rẹ̀ wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, níbi tí ó ti máa hàn lójú fóònù tí orin bá ń lọ. N kò ní gbà láti kọ orúkọ èèyàn láìsí àmì níbi tí aráyé ti máa kà á.

Àwọn orin tí mo gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ pátápátá wà ní Internet Archive báyìí, ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní San Francisco ní 1996, kì í ṣe nítorí èrè. Àwọn yòókù wà níbi olówó kékeré kan. Nígbà tí àwọn aṣèbàjẹ́ kọlu Internet Archive ní Oṣù Kẹwàá 2024, tí ojúlé wọn kò ṣí fún ọjọ́ mélòó kan, mo yí ìwé atọ́ka mi sí ibi kejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nínú mọ́tò, lójú ọ̀nà Ìlọrin. Kò sẹ́ni tó pè mí. Hard disk ti di méjì, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀yọ́, a sì máa ń pààrọ̀ wọn nígbà Iléyá àti ní ìparí ọdún.

Orin ọmọ Màmá ni 214. Mo kó o sí mẹ́mórì tuntun yẹn fún wọn lọ́jọ́ tí mo rí i ní Takie, mo sì gbé e lọ bá wọn lọ́jà. Àwa méjèèjì ló jókòó sáàárín àpò èlùbọ́ tí a gbọ́ ọ. Ó dé ibi tí ọmọ náà ti ń ki ìyá rẹ̀. Ṣáájú 2017, mo máa ń fi ohùn ara mi sínú orin kọ̀ọ̀kan, pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti gbé e wá, gbogbo wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn mi bọ́ sí. Ó bo ọ̀rọ̀ méjì mọ́lẹ̀ nínú oríkì Màmá. Wọ́n ní kí n padà sẹ́yìn kí àwọn tún gbọ́ ọ, mo padà sẹ́yìn, ohùn mi tún bò ó. N kò tún fi ohùn mi sí orin ẹnikẹ́ni mọ́.

Sítúdíò tí wọ́n ti ká orin náà sílẹ̀ ti kógbá wọlé. Mo ti wá ọ̀gá ibẹ̀ kàn, ó ní òun ti ta kọ̀ǹpútà náà fún oníṣẹ́ ìwé títẹ̀ kan ní Aráàdà, òun kò sì pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Mo ti bá oníṣẹ́ ìwé náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n gbé hard disk tèmi lọ́wọ́.